Máṣíìnì Kan, Ọ̀rẹ́ Méjì: Ta Ni Yóò Ra Abẹ́rẹ́?

Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ méjì jọ ń lò ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá ti yá ẹnìkan ní irinṣẹ́ rí, tàbí tí wọ́n ti yá yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá.

Ní àdúgbò kan ní Mushin, kò jìnnà sí ọjà Ojúwòyè, obìnrin aránṣọ méjì kan wà níbẹ̀. Abẹ́ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì ṣe fúríìdọ́ọ̀mù. Nígbà tí wọ́n kó àjọ, wọ́n pawọ́ pọ̀, wọ́n ra máṣíìnì wífìn kan, èyí tó ń gé etí aṣọ, tó sì ń fi òwú mẹ́ta tàbí mẹ́rin dì í kó má baà tú. Ẹ̀yin aránṣọ mọ̀ pé ẹni tí kò bá ní i, ńṣe ni yóò máa ru aṣọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní in, tí yóò sì máa sanwó. Ọgbọ́n ńlá ni wọ́n dá. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú wọn, ìyá ìbejì ni, ni máṣíìnì ń gbé; ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wá lò ó níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, aṣọ ẹbí wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, ọjọ́ kejì ni òde. Ọ̀rẹ́ ìyá ìbejì ki aṣọ tó nípọn bọ inú máṣíìnì, abẹ́rẹ́ kán, ọ̀bẹ kékeré inú rẹ̀ sì bàjẹ́ létí. Ilẹ̀ ti ṣú. Ó rọra da aṣọ bo máṣíìnì, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́ òun á sọ. Kílẹ̀ tó mọ́, ìyá ìbejì ti ra abẹ́rẹ́ tuntun kì í, kò mọ̀ pé ọ̀bẹ ti bàjẹ́. Bó ṣe gbé aṣọ oníbàárà sí i báyìí, fàààà! Ó ya.

Ṣòkòtò mi ni mo wá gbà tí mo fi bá ìjà náà.

“Ìwọ lo bà á jẹ́, o sì dákẹ́!”

“Èmi dákẹ́? Ìwọ tó o fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn aránṣọ ìta ńkọ́? Èló lo fún mi rí níbẹ̀?”

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti abẹ́rẹ́! Ó ti ń gbé wọn nínú tipẹ́.

Ìyá ọkọ ìyá ìbejì, ọmọ Ìsẹ́yìn, ló pa iná ìjà náà. Màmá ní nígbà tí òun kéré, òun ń bá àwọn ìyá òun ran òwú. Wọ́n á yọ kóró rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi ọrun kékeré gbọ̀n ọ́n títí yóò fi fúyẹ́, kí wọ́n tó fi ìrànwú ran án. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìrànwú, amọ̀ rìbìtì wà nídìí rẹ̀ tó ń jẹ́ kó yí. Ẹfun á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí wọ́n fi ń pa ìka.

“Ìrànwú kò wọ́n,” Màmá ló ń sọ bẹ́ẹ̀, “ṣùgbọ́n a kì í dá jókòó ran òwú. Bí tèmi bá kán, ọ̀rẹ́ mi á yá mi ní tirẹ̀. Bí mo bá wá fọ́ tirẹ̀, mi ò gbọdọ̀ sùn kí n tó wí fún un. Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran. Ẹ̀yin méjèèjì, irú òwú wo lẹ ń gbọ̀n fún àwọn ọmọ-iṣẹ́ yín tó ń wò yín yìí?”

“Ẹ máa bínú, Mà.” Àwọn méjèèjì sorí kọ́.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan lèyí wà o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irun àgùntàn ni wọ́n ń ran. Ti àgùntàn tiwa kúrú, kò ṣe é ran. Títí dòní, àwọn ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ìrànwú ṣe ìgbafẹ́ lásán, kì í ṣe fún títà. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ran án wọ́n, nítorí náà ẹgbẹ́ mìíràn a máa ní tirẹ̀ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lè yá lọ sílé. Ṣùgbọ́n àdéhùn wà nídìí ẹ̀.

Àdéhùn náà làwọn aránṣọ wa ṣe. Ọ̀rẹ́ san owó aṣọ tó ya. Ìyá ìbejì náà ka owó aránṣọ ìta sílẹ̀, wọ́n pín in sí méjì. Wọ́n so ìwé kan kọ́ ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì: gbogbo aṣọ ìta tó bá wọlé, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀, owó rẹ̀ á bọ́ sínú kóló. Inú kóló ni owó epo, abẹ́rẹ́ àti ọ̀bẹ yóò ti máa jáde. Èyí tó bá ṣẹ́kù lóṣù, wọ́n á pín in. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ọ̀kan á lò ó láàárọ̀, èkejì lálẹ́. Ẹni tí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, kó sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, bó jẹ́ lórí fóònù.

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ẹnu ọmọdé ni mo fi ń sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n lójú tèmi, kì í ṣe abẹ́rẹ́ tó kán ló fẹ́ ya àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyí. Aṣọ tí wọ́n dà bò ó lálẹ́ ni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín jọ ń lò, ta ló sì ń ra abẹ́rẹ́ rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ìwé lẹ́tà wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.