Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Káráfáànì Tọkọtaya

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí léèrè pé kí ló kan òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwùjọ nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti táyà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó gbé mi débẹ̀.

Ní Muhaisnah tí mo ń gbé yìí, ní apá ibi tí Dubai ti bá Sharjah pààlà, tọkọtaya ọmọ Yorùbá kan wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọkọ ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ìyàwó sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àkọ́bí wọn wà ní yunifásítì nílé, èyí àbúrò wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ọkọ ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán tí ìyàwó sì ń ṣiṣẹ́ òru, débi pé orí àtẹ̀gùn ni wọ́n ti ń kí ara wọn. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n háyà nínú fúláàtì ẹlòmíràn. Bí ọ̀kan bá wúkọ́, ẹni tí ó wà ní yàrá kejì á ní pẹ̀lẹ́. Ọkọ wá rí káráfáànì kan tí wọ́n fẹ́ tà ní dírámù 68,000. Ó fẹ́ yá owó ní báńkì, kí ó san án fún ọdún mẹ́rin. Ìyàwó ní òun kò gbọ́, òun kò gbà. “Àǹtí,” ó ní, “ẹ bá mi bi bàbá àwọn ọmọ mi bóyá owó ilé-ìwé ni a ó máa fi wọ́ ilé kiri inú aṣálẹ̀.”

Kí n tó lọ jìnnà, kì í ṣe tírélà tí ń kó símẹ́ńtì láti Ewékorò ni mo ń sọ o. Ilé kékeré orí táyà ni, èyí tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí ibùsùn àti ibi ìdáná wà nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti máa rẹ́rìn-ín. Ṣé ọmọ Yorùbá tí ó fi ilé sílẹ̀ wá wá owó ni yóò tún máa sùn nínú igbó? Ẹ rọra. Àwọn bàbá wa ní Ìbàdàn ní ilé ní ìgboro, wọ́n sì ní abà lóko. Nínú ahéré ni ọkọ àti aya ti ń jókòó ti iná, tí wọ́n ń jẹ iṣu sísun, tí kò sí ará ilé tí yóò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwa náà kọ́ ni a ń sùn sínú ọkọ̀ ní àgọ́ ìjọ ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, tí ilẹ̀ fi ń mọ́? Àwọn onílẹ̀ níhìn-ín pàápàá, bí òtútù bá ti dé, ìdílé ńláńlá ni wọ́n fi ń pàgọ́ ní ìhà Al Awir. Nítorí náà, èmi kò bá ọkọ yẹn wí pé ó fẹ́ ibi tí òun àti ìyàwó rẹ̀ yóò ti fojú kan ara wọn. Nínú iṣẹ́ mi, mo ti rí ìgbéyàwó tí ó kú láìsí ìjà kankan, tí ó jẹ́ pé àìráyè bára ẹni sọ̀rọ̀ ni ó pa á. Ohun tí mo bá a wí lé lórí ni pé ẹwà ni ó kọ́kọ́ wò.

Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ máa fi fà á?” Ó dárúkọ ọkọ̀ kékeré tí ó ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kí ó lọ mú ìwé tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà fi sínú rẹ̀ wá. Àṣé kò ṣí i rí! Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ni àwọn tí ó ṣe wọ́n kò fọwọ́ sí pé kí a so ohunkóhun mọ́ wọn lẹ́yìn rárá. Ti ọkọ wa yìí wà lára wọn. Níbẹ̀ gan-an ni owó tí ó fẹ́ yá ti di ìlọ́po méjì, nítorí pé yóò tún ra ọkọ̀ tuntun tí yóò fa káráfáànì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà pọ̀, nítorí òun ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Bí olùtajà bá ní káráfáànì wọn kílò 650, òfìfo rẹ̀ ni ó ń sọ. Ẹ bu lítà omi 60 sí i, kílò 60 nìyẹn. Ẹ gbé sílíńdà gáàsì, bátìrì, ìkòkò, kúlà, aṣọ, ìrẹsì àti iṣu sí i, yóò ti máa sún mọ́ kílò 850. Nínú kílò 850 yìí, ó yẹ kí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ ìkọ́ tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀, èyíinì ni kílò 85 sí nǹkan bí 128. Bí ó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, tí ẹrù pọ̀ sí ìdí, káráfáànì á bẹ̀rẹ̀ sí í jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìrù ajá, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní Emirates Road. Kílò 128 yẹn, ẹrù ọkọ̀ yín ni. Bí ẹni pé ẹ fi géńdé kan àti àpò ìrẹsì kan sínú bọ́ọ̀tù ni. Ẹ kà á mọ́ ara yín àti ẹrù inú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí iye tí ẹ rí kéré sí èyí tí ìwé ọkọ̀ kọ, kì í ṣe kí ó bá a dọ́gba.

Ìbéèrè kejì ni mo ń bi ẹnikẹ́ni tí ó ń gbé fúláàtì ní àdúgbò wa: níbo ni yóò máa sùn ní àárín ọ̀sẹ̀? Ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilé kò ga tó fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Iyanrìn tí ó ṣófo láàárín ilé méjì náà kì í ṣe ilẹ̀ baba wa. Ẹni tí ó bá gbé e síbẹ̀ láìgbàṣẹ lè jí lọ́jọ́ kan kí ó bá ìwé ìkìlọ̀ ní ojú fèrèsé rẹ̀, tàbí kí ó má bá káráfáànì gan-an. Ẹ wá ibi tí ẹ ó máa sanwó fún, kí ẹ sì ka owó oṣooṣù rẹ̀ mọ́ iye tí káráfáànì jẹ́. Ẹ tún béèrè ní ibi àyẹ̀wò ọkọ̀ nípa mulkiya tirẹ̀ àti ìkọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, kí wẹ́dà kankan tó fi iná jó irin mọ́ ọkọ̀ yín.

Ní ti owó yíyá, èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Kí a yáwó tọ́ ọmọ, kí a yáwó wo aláìsàn, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹni tí a jẹ lówó lè gba àṣẹ ní kóòtù pé kí a má ṣe jáde. Ẹ ronú ọjọ́ tí wọ́n bá pè yín láti ilé pé ìyá kò gbádùn mọ́, tí ẹ dé pápákọ̀ òfuurufú tí wọ́n dá yín padà nítorí ilé orí táyà. Èyí tí owó ọwọ́ bá ká ni kí ẹ rà, kódà kí ó jẹ́ èyí tí ó dà bí ìdajì ẹyin, tí ibùsùn nìkan wà nínú rẹ̀, tí a ń ṣí ìdí rẹ̀ dáná. Láti bí ọdún 1930 sí i ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń kan irú rẹ̀ lẹ́yìn ilé wọn, tọkọtaya méjì-méjì sì ni ó bá mu.

Ẹ̀rọ amúlétutù wá ń kọ́? Olùtajà á fẹ́ kí ẹ sanwó rẹ̀. Bátìrì 12 fóòtì tí ó jẹ́ 100 ampere-hour kò ní ju 1,200 watt-hour lọ. Ẹ̀rọ kékeré tí ó ń jẹ 600 watt yóò gbé e mì ní wákàtí méjì. Ẹ ó wá ra jẹnẹrétọ̀, ariwo tí ẹ sá fún nílé á tún bá yín dé inú aṣálẹ̀. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ìgbà àgọ́ níhìn-ín, atẹ́gùn òru tó ènìyàn nígbà náà. Ní ìgbà ooru, nígbà tí ọ̀sán ń kọjá ìwọ̀n 40, kí olúkúlùkù jókòó sílé rẹ̀.

Ohun tí àwọn ọkọ kì í wò ni mo fẹ́ kí ìyàwó wò. Ẹ dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn náà ní iwájú olùtajà, ẹ má tijú. Ṣé ẹni tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri lè jáde láìgun ẹnì kejì kọjá? Ẹni tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún mọ ìdí tí mo fi béèrè, nítorí ó ń dìde lóru. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká, kékeré báyìí, wúlò ju tẹlifíṣọ̀n lọ. Tí ó bá jẹ́ àlòkù, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ inú rẹ̀ kiri, ibi tí ó bá rọ̀, omi ti ba pákó rẹ̀ jẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin ara táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Oòrùn ibí ń gbẹ rọ́bà kódà bí káráfáànì kò bá rìn, nítorí náà, bí ojú táyà ṣe rí kọ́ ni kí ẹ fi ṣèdájọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bìrìtéènì, mo gbọ́ tí ẹ ń sọ pé ti yín rọrùn. Òótọ́ ni pé láti ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2021, ẹni tí ó yege ìdánwò ọkọ̀ lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1997 kò nílò ìdánwò mìíràn kí ó tó fa ohun tí ó tó kílò 3,500. Òfin ni ó dẹ̀, ọkọ̀ yín kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára sí i. Ẹ lọ kọ́ bí a ṣe ń fà á sẹ́yìn kí ẹ tó gbé e jáde.

Ó ku ohun méjì tí ẹ̀mí wà nínú wọn. Ẹ má pàgọ́ sí ojú wadi nígbà òjò, bí iyanrìn ibẹ̀ tilẹ̀ gbẹ. A kò tíì gbàgbé ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí òjò rọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí ju bí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ rí láti ọdún 1949. Láti ọdún 2023 ni ìjọba ti fi ìtanràn dírámù 1,000 sí kíkóra jọ lẹ́bàá wadi nígbà òjò, 2,000 sì ni fún ẹni tí ó bá wakọ̀ wọ inú àgbàrá rẹ̀. Èkejì, ẹ má gbé èédú tí ń jó wọ inú káráfáànì nítorí òtútù, bí ó ti wù kí ó kù díẹ̀ tó. Èéfín rẹ̀ tí ń pani kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ẹ má sì bo èédú gbígbóná mọ́ inú iyanrìn, ọmọ ọlọ́mọ lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ní ti tọkọtaya wa, mo ní kí wọ́n lọ sùn ní Hatta ní òru kan ná, nínú káráfáànì tí wọ́n tò síbẹ̀ bí hótẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó bá wọn lára mu. Wọ́n lọ. Ọkọ padà wá ní ọrùn ríro, ó ní ibùsùn náà kúrú. Ìyàwó ní òun kò sùn rárá, nítorí pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ títí di aago mẹ́ta òru. Ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ tí ọkọ òun sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọn kò ra káráfáànì olówó ńlá yẹn mọ́. Àgọ́ aláṣọ ni wọ́n rà báyìí, èyí tí yóò wọ bọ́ọ̀tù ọkọ̀ wọn, wọ́n sì ti ń fi owó díẹ̀díẹ̀ pamọ́ de kékeré onípò kejì. Nígbà tí mo rí ìyàwó kẹ́yìn, àdògán irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló gbé lọ́wọ́, ó ń bi mí ibi tí òun ti lè rí iṣu tí ó dára rà ní Deira.