Ọbẹ̀ Ìdìbò Ti Kan

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú sí mi. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló máa ń korò.

Ní ọdún 2018, nígbà ìdìbò gómìnà ní Èkìtì àti ní Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ kan gbòde: "Dìbò kóo sebẹ̀." Kì í ṣe pé ẹnì kan ló sọ ọ́ fún mi o, ojú mi ló ṣe. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ṣì wà. Màmá mi lọ dìbò, wọ́n dé pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ní etí ìró wọn. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí a sè lálẹ́ ọjọ́ náà dùn, mi ò ní purọ́. Ẹran ń bẹ níbẹ̀. Mo jẹun tán, mo tún lá ọwọ́.

Nígbà tí mo gbọ́n díẹ̀, mo mú bírò, mo ṣírò. Ọjọ́ 1,461 ló wà nínú ọdún mẹ́rin. Pín 4,000 náírà sí i, kò tó náírà mẹ́ta lójúmọ́. Ní ọdún 2018 náà, náírà mẹ́ta ò lè ra píọ́wọ́tà kan. Iye tí àwọn olóṣèlú fi ra màmá mi nìyẹn, àti èmi tí mo lá ọwọ́.

Mo bi wọ́n léèrè ní ìsinmi tó kọjá. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹni tí kò ní padà wá títí ọdún mẹ́rin, èyí tí mo bá rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí ni tèmi. Àbí ẹ̀rọ omi àdúgbò tó ti bàjẹ́ yẹn ni kí n máa wò?" Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń ní aláìní tó ń ta ìbò ló ba ìjọba tiwa-n-tiwa jẹ́. Irọ́ ni jàre! Ẹ ṣí ìwé òfin ọdún 1999. Abala 14 ní ààbò àti ìgbáyé-gbádùn ará ìlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Ó dùn létí, àbí? Ẹ wá ṣí i padà sí abala 6. Ibẹ̀ ló ti ní kóòtù ò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ bóyá ìjọba ṣe iṣẹ́ yẹn tàbí kò ṣe é, àfi níbi tí ìwé òfin fúnra rẹ̀ bá ti là á sílẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fún wa, wọ́n fi tòsì gbà á padà! Màmá mi ò ka ìwé òfin rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tó wà níbẹ̀: gbèsè tí èèyàn ò lè sin, kó yáa gba èyí tó bá rí.

Ẹ wo ibi tó gbé wa dé. Ní ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tó dìbò ò tó mílíọ̀nù 26. Ìbò 8,794,726 ni ẹni tó wọlé ní. Nínú ẹni mẹ́wàá tó forúkọ sílẹ̀, àwọn tó yàn án ò pé ẹnì kan. Ẹni tó ta ìbò tiẹ̀ rí ọbẹ̀ jẹ. Ẹni tó jókòó sílé ń kọ́?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní, "Kí sójà kúkú padà wá." Ẹ gbẹ́nu dúró! Ní ọdún 1984, Decree 4 gbé oníròyìn méjì jù sẹ́wọ̀n. Ní ọdún 1993, wọ́n fagi lé ìbò June 12. Ohun tí ìjọba alágbádá fi sàn ju ti ológun lọ ni pé a láǹfààní láti bi í léèrè. Àwa ni a ò bi í.

Láti ọdún 2011 ni òfin òmìnira ìròyìn ti wà. Ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kò sì pọn dandan kó sọ ìdí. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní òfin náà de ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ta ló ti kọ lẹ́tà kan rí nínú wa? Èmi náà ò kọ ọ́. Mo jẹ̀bi.

Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí ìdìbò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá dé, ìrẹsì ta ló ní ẹran jù là ń wò. Tí wọ́n bá ti búra wọlé tán, ta ló ń béèrè ohun tí wọ́n fi owó ẹgbẹ́ ṣe? A ó nu ẹnu, a ó máa bú Abùjá!

Tí a bá ti gba ìsinmi, mo ń kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ wa: ẹ̀rọ omi yẹn, èló ni wọ́n ná lé e lórí, ta ló gba kọngíláàdì rẹ̀? Mo sọ fún Màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí wọ́n bá lè fèsì, àwọn á sebẹ̀, owó ara àwọn làwọn á sì fi sè é.

Ẹ kọ tiyín náà.