Bí Àwọn Kátólíìkì Ṣe Ń Ka Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì

Ní ọdún 2025, ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù náà, àwọn Kátólíìkì gba eérú síwájú orí, Lẹ́ńtì tiwọn náà bẹ̀rẹ̀. Ní Akówọnjọ l'Ékòó, níbi tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti jọ ń gbé inú ilé kan, irú àkókò bẹ́ẹ̀ máa ń mú ìbéèrè wá. Alájọgbé á rí ìyá Kátólíìkì kan tó ń jẹun lọ́sàn-án, á ní: “Ìyá Bọ́lá, ṣé ẹ ò gbààwẹ̀ mọ́ ni?” Ìyá Bọ́lá ń gbààwẹ̀. Ọ̀nà tí Mùsùlùmí àti Kátólíìkì ń gbà ka ààwẹ̀ ni kò jọra.

Oòrùn ni Mùsùlùmí fi ń ka tirẹ̀. Láti ìdájí títí oòrùn yóò fi wọ̀, kò sí oúnjẹ, kò sí omi. Abọ́ ni òfin Ìjọ Kátólíìkì fi ń kà á. Lọ́jọ́ ààwẹ̀, èèyàn lè jẹ àjẹyó lẹ́ẹ̀kan. Ó tún lè jẹ nǹkan díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n bí a bá da díẹ̀ méjèèjì pọ̀, kò gbọdọ̀ tó oúnjẹ àjẹyó kan. Kò sí ìpanu láàárín wọn. Omi kò ba ààwẹ̀ náà jẹ́. Ẹni tó bá mu ògì ife kan láàárọ̀, tó jẹ àmàlà lọ́sàn-án, tó fi àkàrà méjì sùn lálẹ́, ó ti gba ààwẹ̀ rẹ̀ pé.

Ọjọ́ méjì péré ni òfin sọ ààwẹ̀ yìí di dandan: Ọjọ́rú Eérú àti ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú, tí a ń pè ní Ẹtì Rere. Ẹni tó ti pé ọdún 18 ló kàn, títí yóò fi pé ọdún 59. Kò di dandan fún aláìsàn, aboyún tàbí abiyamọ. Póòpù Paul Kẹfà ló dín òfin náà kù ní oṣù Kejì ọdún 1966. Tẹ́lẹ̀, ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́ńtì fúnra rẹ̀ jẹ́ ogójì ọjọ́: bí ẹ bá ka ọjọ́ láti Ọjọ́rú Eérú dé Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, ẹ óò rí 46. Ẹ yọ Sọ́ńdè mẹ́fà kúrò, nítorí a kì í ka Sọ́ńdè mọ́ ọjọ́ ààwẹ̀, ó ku 40.

Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé Kátólíìkì tó jẹ́ ti Yorùbá, ẹ óò bá àwọn àgbà tí kì í fi nǹkan kan ẹnu títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú Lẹ́ńtì. Òfin kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan rò pé ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí àti àwọn ìjọ aládùúrà ni wọ́n ti kọ́ ọ, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ìgbà àtijọ́ gan-an ṣe ń gba Lẹ́ńtì nìyẹn: ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Díẹ̀díẹ̀ ni oúnjẹ náà sún sẹ́yìn dé ọ̀sán. Nítorí náà, ìyá àgbà tó ń dúró de aago mẹ́fà kò ṣe ohun àjèjì.

Ọ̀rọ̀ ẹran tún yàtọ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì nínú Lẹ́ńtì, àti Ọjọ́rú Eérú, ẹni tó bá ti pé ọdún 14 kì í jẹ ẹran. Màlúù, ewúrẹ́, adìẹ, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú èèwọ̀ yìí. Ẹja kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹyin àti mílíìkì. Ìdí nìyí tí ọbẹ̀ ọjọ́ Ẹtì fi máa ń jẹ́ ọbẹ̀ ẹja títú, pańla tàbí edé. Pọ̀nmọ́ ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn ọmọ á ní awọ ni, kì í ṣe ẹran. Lójú tèmi, ara màlúù ni, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọbẹ̀. Ẹni tó ń wá ibi tí òfin ti lu kò tíì mọ ohun tí òfin náà wà fún. Bákan náà ni ẹni tó fi ẹran sílẹ̀ tó wá ra ẹja ńlá tó wọ́n ju ẹran lọ. A ń dín oúnjẹ kù kí ọkàn lè ráyè fún àdúrà, kí owó tó ṣẹ́ kù sì lè dé ọwọ́ ẹni tí kò rí jẹ. Nínú àwọn ilé mìíràn, kóló kan á wà lórí tábìlì, owó ẹran tí wọn kò rà á bọ́ síbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 pàápàá lè fi owó bisikíìtì rẹ̀ sí i. Òfin kò de irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó pàṣẹ fún òbí pé kí wọ́n kọ́ ọ ní ìtumọ̀ rẹ̀.

Ní Ẹtì Rere ni frejon, oúnjẹ ẹ̀wà àti àgbọn, ń jáde. Àwọn Àgùdà, àwọn tí wọ́n padà dé láti Brazil ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn àti lẹ́yìn ìgbà náà, ló mú un wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn fadá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA tẹ̀dó sí Èkó ní 1868, ṣùgbọ́n àwọn Àgùdà ti ń gbàdúrà Kátólíìkì níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Láti Pópó Àgùdà, àdúgbò wọn, ni oúnjẹ náà ti tàn dé àwọn ilé Kátólíìkì mìíràn kárí Èkó, àti ilé àwọn tí kì í ṣe Kátólíìkì rárá. A ó se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀ dáadáa, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ. A ó rin àgbọn, a ó fún omi rẹ̀ sí i, a ó fi ṣúgà àti kànáfùrù díẹ̀ sí i, a ó sì máa rò ó lórí iná títí yóò fi ki. Ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú ẹja díndín àti ìgbín. Ìgbín kò sí lára ẹran tí òfin kà léèwọ̀. Àwọn mìíràn á wọ́n gààrí lé e lórí. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí máa ń yanu pé báwo ni ẹ̀wà dídùn ṣe bá ata lọ. Ó bá a lọ.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni pé ọjọ́ ààwẹ̀ ni Ẹtì Rere. Frejon yẹn ni àjẹyó kan ṣoṣo tó wà fún ọjọ́ náà. Bí ẹ bá ti jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, tí aládùúgbò tún gbé abọ́ tirẹ̀ wá nírọ̀lẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì di Sátidé.