Ọ̀rọ̀ Ara Mọ́tò Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ṣákálá

Gbólóhùn kúkúrú tí wọ́n ń fi ọ̀dà kọ sẹ́yìn dánfó àti bọ́ọ̀sì ní Mazamaza, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, iṣẹ́ ọnà ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ni pé ariwo àwọn awakọ̀ lásán ni, pé níbi tí kò bá ti sí ère tàbí àwòrán, kò sí ọnà níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ní 1977, ọdún àjọ̀dún àṣà FESTAC tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ Festac Town tó múlé ti Mazamaza, Jenny Holzer, oníṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ gbólóhùn kéékèèké mọ́ ògiri ìgboro New York. Àwọn ilé ọnà ńláńlá ló ń tọ́jú gbólóhùn wọ̀nyẹn lónìí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti wà lára bọ̀lẹ̀kájà kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan Festac Town rárá.

Pẹ́ńtà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sára páànù, á wọn àyè lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Tó bá kọ ọ́ tán, á fi àwọ̀ mìíràn fa òjìji sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, kí ó lè yọ sójú ẹni tó wà nínú mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àyè kò tó, ìṣẹ́jú akàn sì ni òǹkàwé ní. Ọ̀rọ̀ tí kò bá níṣẹ́ tó ń ṣe kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Wọ́n á ní àwòkọ ni, pé “Ọ̀nà kan ò wọjà” wà lára mọ́tò tí kò lóǹkà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mọ́tò tó gbé e ló ń fún un ní ìtumọ̀. Lára bọ́ọ̀sì tuntun, ìdúpẹ́ ẹni tó fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ tó sì rí jẹ ni. Lára dánfó tí wọ́n ti jó páànù rẹ̀ láìmọye ìgbà, tí awakọ̀ rẹ̀ ń dá owó fún onímọ́tò lójoojúmọ́, ìgboyà ẹni tí ọ̀nà ti dí mọ́ ni. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Ọlátúndé Báyọ̀ Láwuyì ti kọ̀wé lórí èyí ní 1988: ó ka ọ̀rọ̀ ara takisí sí ọ̀nà láti mọ ojú tí awakọ̀ Yorùbá fi ń wo ayé.

Ìjọba pàápàá mọ agbára ọ̀rọ̀ kúkúrú. Ọ̀dà pupa díẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fi sàmì sára ògiri tó láti sọ onílé di aláìnílé, kò sì sẹ́ni tí í pe ìyẹn ní ariwo lásán. Àwọn onílé pẹ̀lú mọ agbára yìí, ló fà á tí onílé mìíràn fi ń kọ “Ilé yìí kì í ṣe títà” síwájú ilé rẹ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ a máa pẹ́ ní kóòtù, ọmọ ìyá a sì máa ta ilé mọ́ ọmọ ìyá lórí. Ọ̀rọ̀ tí onílé fi ọ̀dà kọ yìí ni ẹlẹ́rìí tí kì í kúrò lójú ọ̀nà. Oníjìbìtì tó bá fẹ́ ta ilé ọ̀hún ní láti kọ́kọ́ wá bí yóò ṣe pa á rẹ́.