Omíyalé pàdé kòrónà: ta ni yóò sanwó akọ̀ròyìn?

Òjò ò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Àwọn tó ń gbé Igbó-Elérin mọ ìtumọ̀ òwe yìí dáadáa. Láti Òkòkòmáíkò títí dé Ìbà, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú dẹ̀dẹ̀ lóṣù kẹfà, onílé á máa gbé fìríìjì lé orí búlọ́ọ̀kù, ayálégbé á máa ká ẹní, ìyá tó ń ta ìrẹsì níwájú ilé á máa wá ibi tí yóò gbé àpò ọjà rẹ̀ sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga, ọ̀sà ò jìnnà, àbàtà tó máa ń gba omi tẹ́lẹ̀ ti di ilé, ọ̀rá píọ̀-wọ́tà sì ti dí gọ́tà pa. Bí omi ò bá ríbi gbà, yàrá èèyàn ló ń yà sí.

Ẹ wáá fi kòrónà kún un. Ní òpin oṣù kejì, ọdún 2020, ìjọba kéde pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà láti ara ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé. Nígbà tó di aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù kẹta, ìjọba àpapọ̀ ní kí ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn ọ̀hún lóṣù karùn-ún, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ò yí padà nígbà tí òjò dé: ẹ má rìn kiri, ẹ máa fọwọ́, ẹ jìnnà síra yín. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n báwo lẹni tí omi lé kúrò ní yàrá ṣe fẹ́ jókòó sílé? Báwo lẹni tí àgbàrá wọ kànga rẹ̀ ṣe fẹ́ rí omi tó mọ́ fọwọ́? Bí ìdílé mẹ́ta bá há sínú yàrá kan ṣoṣo tí omi ò dé, ta ló fẹ́ jìnnà sí ta? Ibi tí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ti pàdé àjàkálẹ̀ àrùn nìyẹn, ibẹ̀ ló sì yẹ kí akọ̀ròyìn wà.

Ìjọba ò kúkú ti akọ̀ròyìn mọ́lé. Wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n gbà láàyè láti máa rìn. Owó ni ò sí. Fẹ́ńdọ̀ ò ríbi jáde, àwọn tó ń polówó ọjà ti ti ṣọ́ọ̀bù, àwọn iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn ń dín ojú ewé kù, wọ́n ń gé owó oṣù, wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Akọ̀ròyìn tí kò rówó ọkọ̀ láti Ìkẹjà dé Òkòkòmáíkò, ohun tí agbẹnusọ ìjọba bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ ni yóò gbé jáde. Bí ìwé náà bá ní wọ́n ti kó gọ́tà, wọ́n ti kó o nìyẹn.

Àwọn òyìnbó nawọ́ ìrànwọ́. Lóṣù kẹta ọdún 2020 náà ni National Geographic Society gbé owó pàjáwìrì kalẹ̀ fún akọ̀ròyìn káàkiri àgbáyé, láti 1,000 dọ́là dé 8,000. Earth Journalism Network, tí Internews dá sílẹ̀ lọ́dún 2004, ti ń sanwó fún ìròyìn ojú ọjọ́ ṣáájú ìgbà náà. 1,000 dọ́là nígbà yẹn lé ní 350,000 náírà, ó ju owó oṣù mọ́kànlá òṣìṣẹ́ tó ń gba 30,000 náírà lọ. Akọ̀ròyìn tó bá rí i gbà lè sùn sí Igbó-Elérin fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó tọpa omi láti gọ́tà dé orísun rẹ̀, kó sì béèrè ibi tí owó iṣẹ́ wọlé sí.

Àwọn kan ní owó òyìnbó kì í wá lásán. Wọn ò parọ́, kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì CMS ló wà. Ó fún Yorùbá ní ohun tí wọ́n ń kà lédè wọn, ó sì ń ṣiṣẹ́ ìjọ. Nígbà tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú lọ́dún 1867, ìwé náà kú. Ohun tí owó àlejò bá gbé ró, ọjọ́ tí àlejò bá lọ ló ń wó.

Síbẹ̀, owó tí wọ́n kéde ní gbangba, tí wọ́n kọ orúkọ olówó sí ìsàlẹ̀ ìròyìn, sàn ju ẹ̀gúnjẹ tí wọ́n ń kì bọ àpò lọ. Ibi tí bàtà ti ń ta lẹ́sẹ̀ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń tọrọ rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ìròyìn tó bá jáde. Ìyá oníìrẹsì tí omi kó ọjà rẹ̀ lọ, orúkọ rẹ̀ lè dé Amẹ́ríkà kí ìròyìn náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ṣeréṣeré. Omíyalé ọdún 2012 pa èèyàn 363 ní Nàìjíríà. Ti 2022 pa ju 600 lọ. Ìkìlọ̀ tó tètè dé, lédè tí èèyàn gbọ́, ń gba ẹ̀mí là.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ onílé àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà má jókòó ti dọ́là. Owó tí wọ́n ń dá láti fi kí alága káńsù kú ọjọ́ìbí lójú ewé ìwé ìròyìn, díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti gbé akọ̀ròyìn wá wo gọ́tà. Kí wọ́n máa ra ìwé ìròyìn, kí wọ́n má sì sọ fún akọ̀ròyìn ohun tí yóò kọ. Òjò ọdún tó ń bọ̀ ò ní í béèrè ẹni tó sanwó ìròyìn kó tó rọ̀.