Ẹ Jẹ́ Kí Àwòdì Inú Ọgbà Wa Sàba Ní Àlàáfíà

Ní àkókò tí àwa wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, kò sí ọmọkùnrin kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tí kò ní igi onírọ́bà tí a fi ń ta ẹyẹ. Bí àwọn olùkọ́ bá ti wọlé lọ sinmi lọ́sàn-án, ìdí igi máńgòrò ni à ń gbà lọ. Ẹni tí ó bá pa àparò lẹ́bàá oko ilé-ẹ̀kọ́, ọba ni ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí ọwọ́ wa bá tó ìtẹ́, a ó kó ẹyin inú rẹ̀. Bí kò bá tó o, a ó sọ ọ́ lókò. A kò sọ èyí láti fi yangàn. A sọ ọ́ nítorí ìpinnu kan tí ó wà níwájú ìgbìmọ̀ àjọ̀dún, pé kí a gé igi àràbà ẹ̀yìn ilé ìjẹun kí àyè ìgbọ́kọ̀sí lè gbòòrò. Àwòdì ní ìtẹ́ lórí igi náà.

Láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni yíya àwòrán ẹyẹ ti di ohun ìnàjú wa. “Bàbá Àlùfáà, kí lẹ ń wá kiri inú igbó láàárọ̀ kùtù?” ni àwọn ọmọ ìjọ máa ń bi wá. A ti ya lékèélékèé lẹ́yìn màlúù ní ọ̀nà Lánlátẹ̀. A ti ya ẹ̀gà tí ń hun ìtẹ́ lórí ọ̀pẹ ní Èrúwà: akọ ni ó ń hun ún, abo a sì wá yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, akọ a tú u palẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àwọn ọkọ tí ń kọ́lé lọ́wọ́ yóò mọ ohun tí à ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹyẹ tí ó yí ọkàn wa padà jù lọ kì í kọ́ ìtẹ́ sí ilẹ̀ wa rárá. Irú idì kan tí ń pẹja ni, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní osprey. Ikùn rẹ̀ funfun, ilà dúdú kan sì gba ojú rẹ̀ kọjá sí ẹ̀yìn ọrùn. Ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ kan, a rí i ní adágún Òyán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí ìjọba Ààrẹ Shagari ṣí ní 1983. Ó já bọ́ láti òkè, ó fi ẹsẹ̀ ṣáájú wọ omi, ó gbé ẹja jáde, ó sì yí orí ẹja náà síwájú kí afẹ́fẹ́ má baà dí i lọ́wọ́. Wákàtí mẹ́ta ni a fi jókòó. Àwòrán kan ṣoṣo ni ó dára. Sweden, Finland àti Scotland wà lára àwọn ilẹ̀ tí irú rẹ̀ ti ń pamọ. Bí òtútù bá ti ń bọ̀, ọmọ tí a pa lọ́dún náà yóò dá fò wá sí Áfíríkà, láìsí bàbá tàbí ìyá tí ń tọ́ ọ sọ́nà.

Ní Scotland, ìbọn àti àwọn tí ń kó ẹyin jọ ti lé ẹyẹ yìí tán ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ní 1954, tọkọtaya kan tún wá tẹ́ ìtẹ́ lẹ́bàá adágún Loch Garten. Ní 1958, pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ tí a ń ṣọ́ wọn, olè gun igi náà lóru. Ní 1959, George Waterston àti ẹgbẹ́ RSPB kò fi ìtẹ́ náà pamọ́ mọ́: wọ́n pe gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n wá wò ó láti òkèèrè. Ojú àwọn tó wá wò ó di ìṣọ́. Ṣùgbọ́n asán ni gbogbo ìyẹn bí ọmọ kan ní Ìbàràpá bá fi òkúta kan pa irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ létí odò Ògùn.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ ayàwòrán a máa sọ ènìyàn di mímọ́. Ní ọdún kẹta tí a bẹ̀rẹ̀, a rí ìtẹ́ àdàbà lórí igi ọsàn wa, ẹyin funfun méjì nínú rẹ̀. Ewé bò ó, àwòrán kò sì mọ́. A gé ẹ̀ka kékeré kan. Àwòrán náà dára, àwọn ọ̀rẹ́ sì yìn ín lórí fóònù. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kànnàkànnà ti rí ohun tí a ṣí sílẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà ni a ti ń ka Diutarónómì orí 22 lọ́nà mìíràn. Nígbà tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àlùfáà, òfin kékeré ni a kà á sí: ẹni tí ó bá rí ìtẹ́ lè mú ọmọ, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí ìyá lọ. Síbẹ̀, ìlérí ẹ̀mí gígùn tí ó so mọ́ ọn jọ ti ẹni tí ó bu ọlá fún bàbá àti ìyá rẹ̀.

Ti àwa oníwàásù ni ó dùn wá jù. Ní ilé ìjọsìn kan, wọ́n pa òwìwí àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta nínú àjà, wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́ ni. Àwa wà níbẹ̀, a kò sì sọ̀rọ̀. Eku tí ń jẹ àgbàdo wa ni ẹyẹ náà ń pa jẹ. Igún ńkọ́, tí ó máa ń tò sórí òrùlé ilé ìpẹran ní Igbó-Ọrà nígbà èwe wa? Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó ti rí i? Láti 2015 ni àjọ IUCN ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́. Májèlé wà lára ohun tó fà á, àti òwò ẹ̀yà ara rẹ̀ fún oògùn.

Ní 1958 kan náà, J. H. Elgood, olùkọ́ ní University College Ìbàdàn, kọ̀wé nípa irú ẹ̀gà kan tí ayé kò tí ì mọ̀, orúkọ Ìbàdàn sì wà lára orúkọ tí a fún un. Igbó IITA wà lára ibi tí a ṣì ń rí i. Ta ni ó mọ ohun tí ọmọ Ìdèrè tàbí Tápà lè rí bí a bá fi awò tí ń mú ohun jíjìn súnmọ́ni lé e lọ́wọ́?

Ilẹ̀ wà níwájú gbọ̀ngàn fún ọkọ̀ àwọn àlejò. Kí ìgbìmọ̀ fi àràbà sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, àwa yóò fi awò méjì ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, a ó sì máa wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì láti kọ́ àwọn ọmọ tó bá fẹ́. Okùn ni a ó kọ́kọ́ fi yí ìdí igi náà ká, kí ẹnikẹ́ni má baà súnmọ́ ọn ju ogójì ẹsẹ̀ bàtà lọ, àti àwa náà pẹ̀lú ẹ̀rọ ayàwòrán wa.