Ta Ni Ó Bèèrè Lọ́wọ́ Aláìsàn?

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí ara ọmọ bá gbóná lóru, tí ìyá rẹ̀ sì gbé e sáré dé ilé-ìwòsàn, kò sí ohun tí a ní kí ó ṣe tí kò ní ṣe. Bí a bá na ìwé sí i, yóò tẹ̀ka sí i láìbèèrè ohun tí a kọ síbẹ̀. Nítorí náà ni a fi sọ pé ìtẹ̀ka nìkan kò tó ohun tí à ń pè ní ìyọ̀ǹda. Ó di ìgbà tí ìyá náà bá mọ̀ pé òun lè kọ̀.

Ọ̀rọ̀ Kánò yẹ kí ó ti kọ́ wa ní èyí. Ní ọdún 1996, nígbà tí àìsàn yírùnyírùn, èyí tí ń mú ọrùn le gan-an, ń pa àwọn ọmọdé níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà wá dán oògùn tuntun kan, Trovan, wò ní ilé-ìwòsàn àwọn alárùn àkóràn. Ọmọ bíi 200 ni wọ́n kó jọ. Ìdajì wọn gba Trovan, ìdajì gba ceftriaxone tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 5 kú nínú àwọn ti ìṣáájú, 6 kú nínú àwọn ti ìkejì. Pfizer ní àìsàn ni ó pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. A kò ní í dá ẹjọ́ ìyẹn níhìn-ín. Ti ìyọ̀ǹda ni ó kàn wá. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni; ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹnu ṣàlàyé ní èdè Haúsá. Kò sí ìwé tí òbí fọwọ́ sí tí a rí mú jáde. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú ọgbà kan náà, àwọn dókítà ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières ń fi oògùn tí a ti mọ̀ tọ́jú ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní 2009, Pfizer àti ìjọba Kánò fi mílíọ̀nù 75 dọ́là parí ẹjọ́ náà, láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà gbà pé òun jẹ̀bi. Ní 2011 ni ìdílé 4 àkọ́kọ́ tó gba owó. Kí ẹnikẹ́ni tó gbà á, wọ́n ní kí ó ṣe àyẹ̀wò DNA láti fi hàn pé òun gan-an ni. Ẹ gbọ́ ná: nígbà tí wọ́n ń fún ọmọ lóògùn, ìtẹ̀ka baba kò pọn dandan, lẹ́yìn ọdún 15, ara rẹ̀ ni yóò fi jẹ́rìí! Kò yà wá lẹ́nu pé àwọn kan kọ̀. Nígbà tí Kánò sì dá abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró ní 2003, ọ̀rọ̀ Trovan wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń tọ́ka sí. Àwọn ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nípa Trovan ni ó san gbèsè náà.

Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti 2014 ti sọ ọ́ kedere: kí a ṣàlàyé àìsàn, ìtọ́jú, ewu àti iye owó fún aláìsàn ní èdè tí ó yé e níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí a sì sọ fún un pé ó lè kọ̀. Òfin kan náà ní àṣírí ni ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ jókòó síbi tí a ti ń gba káàdì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ó gbọ́ bí akọ̀wé yóò ṣe pe orúkọ ènìyàn, tí yóò sì fi àìsàn rẹ̀ tẹ̀lé e bí oríkì.

Kí a má baà máa na ìka sí àwọn onílé-ìwòsàn nìkan, ẹ jẹ́ kí a wo inú ilé tiwa. Ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí ni ó ń bèèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì. Ó dára, nítorí ọmọ tí yóò jìyà àrùn fọnífọní. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń tọ́jú ìwé náà? Bí yìgì kò bá wá so mọ́ nítorí ohun tí a rí níbẹ̀, ènìyàn mélòó ni yóò ti gbọ́ kí ọmọbìnrin náà tó délé? A bẹ àwọn ìgbìmọ̀ wa pé kí àwọn méjèèjì fi ìwé wọn han ara wọn, kí ẹni kan ṣoṣo tí wọ́n bá yàn rí i, kí a sì dá a padà fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹ̀dà kankan má ṣe kù lẹ́yìn.